Ọdún Tí Mo Lò Nídìí Ìlù Ẹgbẹ́ Ààrá Àpáta

Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gíga, kò sì tíì mọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe. Ó wá kí mi nílé ní Aládé, ó ní, "Màmá, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" Bí mo bá ní onílù ni mí, yóò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ti ń lù. Bí mo bá ní olórin ni mí, yóò ní kí n kọ ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ orin kọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, èmi Morẹ́nikẹ́, ọmọ Ìdànrè, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ni mo ń lu jáàsì, ìlù olójú púpọ̀ tí a ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lù, fún ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe orin rọ́ọ̀kì líle, èyí tí wọ́n ń pè ní hẹ́fì mẹ́tà, tí àwọn ará àdúgbò wa sì ń pè ní orin onírin. Ààrá Àpáta ni orúkọ ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ̀tún wòsì nípa iṣẹ́ tí ẹ ó yàn, ẹ gbọ́ tèmi. Mi ò ṣèlérí pé yóò yé yín o. Èmi tí mo ṣe é, kò tíì yé mi tán.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́kọ́ di ọ̀pá ìlù mú. Ìyá mi wà lára àwọn ìyá ìjọ, àwọn ni wọ́n sì ní kí n máa lùlù nígbà tí onílù wa kó lọ sí Àkúrẹ́. Mo ń súnmọ́ ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Akínṣọlá, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá títì. Ọ̀gá tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n máa wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń wò. Nígbà tí ìsìn parí, wọ́n lọ bá ìyá mi.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọmọ yìí kí n kọ́ ọ níṣẹ́."

Inú ìyá mi dùn dẹ́yìn. Obìnrin tó mọ rédíò tún ṣe! Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì ra sukudiráfà tuntun kan fún mi. Mo gbé e dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá ní ọjọ́ Ajé, mo jókòó ti àwọn rédíò tó ti bàjẹ́, mò ń retí kí wọ́n kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, mi ò fọwọ́ kan rédíò kan. Taya ọkọ̀ mẹ́rin ni Ọ̀gá tò síwájú mi, wọ́n fún mi ní igi méjì, wọ́n ní kí n máa lù wọ́n. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ni ǹ bá bi?

Ìgbà tí wọ́n mú mi lọ sí sítọ́ọ̀ kòkó àtijọ́ kan ní ẹ̀yìn Aládé ni mo tó mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ti ń dúró níbẹ̀. Ọ̀kan ni Sàmíù, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìwó láti ṣe lébìrà nínú oko kòkó. Òun ló ń ta béèsì, jìtá olóhùn ńlá. Èkejì ni Bánkọ́lé, ọmọ tíṣà, òun ni akọrin. Wọ́n ti fi àpò kòkó bo ara ògiri yí ká nítorí ariwo. Ọ̀gá gbé jìtá tiwọn kọ́rùn, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ àpótí kékeré kan nílẹ̀, àpótí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe nínú ẹ̀yà rédíò kí ohùn jìtá lè máa han, wọ́n sì fi ọwọ́ gba okùn jìtá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo dìde, mo sáré jáde. Mo rò pé ilé ń wó ni.

Sàmíù wá bá mi níta. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bẹ̀rù. Orin ni."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé orin ni?"

Ó ní, "Ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo padà wọlé. Títí di òní, mi ò lè sọ ohun tó dá mi padà. Nípa owó, ẹ jẹ́ kí n fò ó: kò pọ̀, kò sì tán pátápátá. Ìyá mi kò mọ̀ fún ọdún kan gbáko. Wọ́n á ní, "Rédíò ńkọ́?" Èmi á ní, "Ó ń lọ dáadáa, Màmá."

Ọ̀gá le. Wọn kì í pariwo, wọn kì í nà wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n ní lẹ́nu: "Tún un." Bí mo bá ṣì í, "Tún un." Bí mo bá lù ú dáadáa, "Tún un." Oṣù mẹ́fà ni mo fi lu taya kí n tó fọwọ́ kan awọ ìlù. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi kò lágbára tó, pé ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù nínú orin yìí gbọ́dọ̀ máa sáré bí ẹṣin. Nítorí náà, ní àràárọ̀ Sátidé, wọ́n á mú mi lọ sí ìdí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, wọ́n á jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú agogo ọwọ́, èmi á sì máa gun àtẹ̀gùn náà ní ìdọ́gba, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, títí dé ibi ìsinmi kejì. Àwọn àlejò tó wá wo òkè á máa bi mí bóyá ẹ̀jẹ́ ni mò ń san.

Lọ́jọ́ kan, ó rẹ̀ mí, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo bú sẹ́kún. Ọ̀gá gòkè wá bá mi.

"Morẹ́nikẹ́, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Mo ní, "Ọ̀gá, oyin dà?"

Wọ́n wo òkè. Wọ́n ní, "Èmi náà ń wá a." Wọ́n sì padà sísàlẹ̀ lọ wo agogo wọn.

Pápá ilé ìwé kan ní Owena ni a ti kọ́kọ́ ṣeré ní gbangba, lọ́sàn-án gangan. A ṣe orin mẹ́rin tẹ̀léra. Kò sẹ́ni tó jó. Kò sẹ́ni tó lọ pẹ̀lú. Gbogbo èèyàn kàn jókòó, wọ́n ń wò wá bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó ṣubú. Nígbà tí a dúró mí, bàbá àgbàlagbà kan nàgà síwájú, ó bi Bánkọ́lé pé, "Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ lẹ ṣì ń tún ṣe ni, àbí ẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

Bánkọ́lé yíjú sí i. Ó ní, "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, sà."

Ibẹ̀ náà ni àṣírí mi ti tú sí ìyá mi lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ìjọ kan tí wọ́n ń bọ̀ láti ọjà Owena yà síbẹ̀, ìyá mi sì wà láàárín wọn. Mo rí aṣọ funfun wọn láti ìdí ìlù. Ní àkókò yẹn gan-an ni Bánkọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí ké bó ṣe máa ń ké, ó ń mi orí, ó ń yí nílẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn obìnrin náà ṣe? Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe halelúyà. Wọ́n rò pé ẹ̀mí ló gbé e. Nígbà tí mo délé, ìyá mi kò bínú. Wọ́n ní, "Ọmọkùnrin yẹn, kí ló rí?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní, "Kí ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kí a bá a túmọ̀ rẹ̀." Wọn kò bi mí léèrè rédíò mọ́ láti ọjọ́ náà.

A wá di gbajúmọ̀ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì lè ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pè wá lọ sí Ifẹ̀, sí Ìbàdàn, sí Benin. A lọ gba orin sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin tó ń gba orin sílẹ̀ gbọ́ bí jìtá Ọ̀gá ṣe ń han, ó rò pé wáyà ló já, ó sì fi gbogbo alẹ́ tí a ti lọ sùn yọ ìhan náà kúrò. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì jáde, jìtá náà mọ́ tónítóní bí omi ẹ̀rọ. Ọ̀gá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì jáde síta. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló wá tà jù. Àwọn awakọ̀ tírélà ni wọ́n ń rà á. Wọ́n ní kì í jẹ́ kí àwọn sùn lójú ọ̀nà.

Ní àwọn ọdún yẹn ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí a bá parí orin, etí mi á máa dún bí ìgbà tí ìrẹ̀ ń han. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á dákẹ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Nígbà tó yá, kò dákẹ́ mọ́. Etí òsì kọ́kọ́ lọ, ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Mo kọ́ bí mo ṣe ń wo ẹnu èèyàn. Mo ń fi bí àga ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ mi mọ ohùn béèsì, mo ń wo èjìká Ọ̀gá láti mọ ibi tí orin dé. Bí wọ́n bá bá mi sọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo máa ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ìbẹ̀rù mi ni pé bí Ọ̀gá bá mọ̀, wọ́n á wá onílù mìíràn.

Ó wá di ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde fẹ́ rán èèyàn wá láti Èkó. Àwọn ló ní kí a ṣeré nílùú wa, kí àwọn lè rí òkè lẹ́yìn wa. A to ohun èlò sí pápá kan ní Aládé. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn mi gan-an, nítorí pé ẹ̀yìn ni onílù máa ń jókòó, èmi sì ni mo máa ń tàn án, tí mo máa ń pa á. Òfin Ọ̀gá lórí rẹ̀ kò yẹ̀: a kì í pa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jìtá sókè, bá ṣì wà ní títàn, torí ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

A wà láàárín orin kẹta. Ojú ọjọ́ mọ́, àwọn èèyàn pọ̀. Mo rí i tí gílóòbù pupa tó wà lára ampilifáyà Ọ̀gá mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Agbára iná jẹnẹrétọ̀ ti ń pọ̀ jù. Ọ̀gá náà rí i. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n sì kígbe.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wò ó. "Pa á" ni wọ́n kígbe ni, àbí "Má pa á"? Ìrẹ̀ tó wà létí mi ló ń ké. Ètè wọn pàdé, ètè wọn là, ọ̀rọ̀ méjèèjì ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Mo rántí òfin. Mo ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo sì ń lùlù lọ.

Ampilifáyà bú. Iná sọ lára rẹ̀. Ọ̀gá fi ọwọ́ òsì di ọrùn jìtá mú kí wọ́n lè fà á kúrò, iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì sì gbá ọwọ́ náà mú mọ́ okùn. Mo rí ara wọn tó ń gbọ̀n. Sàmíù gbé àga onígi kan, ó fi gbá jìtá náà kúrò lára wọn. Ìgbà yẹn ni mo tó pa jẹnẹrétọ̀. Gbogbo pápá dákẹ́ létí mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní ariwo ni.

A gbé Ọ̀gá dé ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Wọ́n yè é. Àmọ́ ìka mẹ́ta lọ́wọ́ òsì ká kò, wọn kò nà mọ́. Ẹni tó wá láti Èkó ti bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta tí mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì Ọ̀gá, mo bi wọ́n.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ wo lẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà?"

Wọ́n ní, "Kí lo gbọ́?"

"Mo gbọ́ pé ẹ ní kí n má pa á."

Wọ́n wo àjà ilé. Wọ́n ní, "Ó dáa."

Ó dáa báwo? Mo bi Sàmíù, ó ní "Pa á" ni wọ́n sọ, òun gbọ́ ọ ketekete. Mo bi Bánkọ́lé, ó ní "Má pa á" ni, òun lè búra. Àwọn méjèèjì jà lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ara wọn láṣọ. Ọ̀rọ̀ lẹyin lóòótọ́, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n tèmi, mi ò mọ èyí tó fọ́ nínú méjèèjì. Kò pẹ́ tí Bánkọ́lé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ọ̀wọ̀. Mo rò pé Ààrá Àpáta ti parí nìyẹn.

Kò parí. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá pè wá sí sítọ́ọ̀ kòkó. Wọ́n gbé jìtá tiwọn lé Sàmíù lọ́wọ́. Àwọn fúnra wọn lọ dúró nídìí máìkì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin ní ẹ̀ka èdè Ìdànrè, irú èyí tí àwọn ìyá ìyá wa ń sọ, pẹ̀lú ohùn kan tó ń bú bí ẹni pé inú ihò àpáta ló ti ń bọ̀. Sàmíù tó jẹ́ ará Ìwó kò gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkó kò gbọ́ rárá. Etí tèmi ò sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn lásán ló ń gbé. Síbẹ̀, ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí sunkún níbi eré wa. Ṣé ẹ rí i? Ìgbà tí Bánkọ́lé ń kọrin tó yé èèyàn, wọ́n ń wò wá bí ọkọ̀ tó ṣubú. Ọ̀gá wá ń kọ èyí tí kò yé ẹnì kankan, wọ́n ń nu ojú.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ohun èlò yí padà lójú wa. Àpótí tí Ọ̀gá fi ẹ̀yà rédíò ṣe di èyí tí wọ́n ń rà lọ́jà, kásẹ́ẹ̀tì di sídíì, sídíì di ohun tí ò ṣeé fọwọ́ dì mú, inú fóònù ló ń gbé. Ìgbà ìkẹyìn tí a lọ gba orin sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní, "Màmá, ẹ kàn lu ìṣẹ́jú kan péré. Kọ̀ǹpútà á máa tún un títí orin á fi parí." Mo lu ìṣẹ́jú kan. Mo jókòó, mo ń wo bí ìlù tí mi ò lù ṣe ń jáde lórúkọ mi. Ó dọ́gba, ó dára, kò ṣì í níbì kankan. Mo bi í pé, "Ṣé èmi nìyẹn?" Ó ní, "Ẹ̀yin náà ni, mà." Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Kò yé mi síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ni mo sọ fún Sàmíù pé mo ti fẹ̀yìn tì.

Ọdún mẹ́rin ti kọjá lórí ìyẹn. Ọ̀gá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n ṣì wà láàyè, ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. Ní oṣù tó kọjá, mo di ara mi lámùrè, mo lọ bá wọn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ jẹ́wọ́. Etí mi ti di kí àwọn ará Èkó tó wá. Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ jẹnẹrétọ̀. Mo tàn yín jẹ ní ilé ìwòsàn."

Wọ́n tẹjú mọ́ mi. Wọ́n rọra sọ̀rọ̀, wọ́n ń la ẹnu dáadáa kí n lè rí i.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ó ti pẹ́. O máa ń wo ẹnu èèyàn bí ológbò tó ń wo ẹja. Mo mọ̀, mo sì gbé ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, nítorí mi ò fẹ́ wá ẹlòmíràn. Ta ni mo fẹ́ bínú sí?"

Orí mi dàrú. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbé ẹ̀rù yẹn, ẹni tí mò ń gbé e pamọ́ fún ti mọ̀! Mo bi wọ́n ní ohun tí mo ti ń fẹ́ bi.

"Ó dáa, Ọ̀gá, kí lẹ wí? Ṣé kí n pa á ni, àbí kí n má pa á?"

Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn wò, àwọn ìka tó ká kò yẹn.

"Morẹ́nikẹ́, mi ò mọ̀. Láti orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo ti ń gbìyànjú láti rántí. Mo rò pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni mo fi bi ọ́ léèrè ohun tí o gbọ́."

A jókòó. Ìyàwó wọn gbé iṣu sísun àti epo wá, a jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò lè sọ fún yín pé kí ẹ ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe, mi ò sì lè ní kí ẹ má ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé iṣẹ́ yòówù kí ẹ yàn, ẹni tí kò bá gbọ́, kí ó sọ pé òun ò gbọ́. Iṣẹ́ tí kò bá gba ìyẹn lẹ́nu yín, kì í ṣe ọ̀gá nìkan ní í jẹ ìyà rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Ọ̀gá kọjú sí ọ̀nà òkè, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan. Mi ò rí ẹnu wọn. Ẹ̀rín músẹ́ yẹn ti ń bọ̀ lójú mi, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ti wà lórí ahọ́n. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Mi ò gbọ́, Ọ̀gá."

Wọ́n yí gbogbo ara wọn padà sí mi, wọ́n sì tún un sọ. Òjò ni wọ́n ní ó ń bọ̀, kí n tètè délé.